Ta ni kò sinmi nínú ilé yín? Ìdáhùn sí ìbéèrè ẹlẹ́ja kan láti Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè: "Ẹja ni mo ń yan tà ní Ọjà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí àbúrò mi ọkùnrin ti kúrò ní ìjọ wa, tó lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń sìn ní Sátidé. Ó ní Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi tí Ọlọ́run mọ̀, pé gbogbo àwa tí à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè ti gba àmì ẹranko náà. Pásítọ̀ wa ní kí n má dá a lóhùn, pé òfin Mósè ti kásẹ̀ nílẹ̀, Jésù ni ìsinmi wa. Ní tèmi o, n kò rí ìsinmi kankan, yálà ti Sátidé tàbí ti Sọ́ńdè. Sátidé lọjà máa ń yá jù. Ní Sọ́ńdè, aago méje la ti ń dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa di aago mẹ́ta ká tó jáde, ẹja á wà lórí iná nílé tí ọmọ tó ń bá mi gbé ń ṣọ́ ọ. Bí mo bá dé, màá tún gbé àtẹ jáde di alẹ́. Kí ni ìtumọ̀ ìsinmi yìí gan-an? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń dá?"

Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín. Èkíní ni ọjọ́ tí ìsinmi bọ́ sí. Èkejì ni bóyá òfin náà ṣì de Kristẹni. Ẹ̀kẹta ni pé ó ti rẹ̀ yín. Àbúrò yín àti pásítọ̀ yín ń jà lórí méjì àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò sì bi yín léèrè ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni Bíbélì ti sọ̀rọ̀ jù. Màá dáhùn méjì yẹn tán kí n tó débẹ̀, torí wọn kò ní jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ bí a bá fò wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú èyí tó wà nínú èdè wa. Àwa Yorùbá, Sọ́ńdè la máa ń pè ní Ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Bíbélì Yorùbá lò fún sábáàtì nínú òfin mẹ́wàá: rántí ọjọ́ ìsinmi, láti yà á sí mímọ́. Ẹni tó bá ń ka ẹsẹ náà lédè wa, Sọ́ńdè ló máa sọ sí i lọ́kàn, kò sì ní fura pé èdè ló tan òun. Ọjọ́ keje ni sábáàtì, láti ìwọ̀ oòrùn Fúráìdé títí di ìwọ̀ oòrùn Sátidé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn Júù ṣì ń pa á mọ́ lónìí. Lórí èyí, àbúrò yín jàre. Kò sí ẹsẹ kan nínú Májẹ̀mú Tuntun tó ní a ti gbé sábáàtì kúrò ní Sátidé lọ sí Sọ́ńdè.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi lé e ni kò rí bẹ́ẹ̀: pé póòpù kan tàbí ọba Róòmù kan ló dá ìsìn Sọ́ńdè sílẹ̀. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 20:7 ti bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń bu àkàrà ní ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 155, Justin, olùkọ́ Kristẹni kan, kọ̀wé sí olú ọba Róòmù pé ọjọ́ oòrùn làwọn Kristẹni ń pé jọ, pé wọ́n ń ka ìwé àwọn àpọ́sítélì àti ti àwọn wòlíì, nítorí ọjọ́ náà ni Jésù jíǹde. Òfin Constantine, olú ọba Róòmù, kò dé títí di ọdún 321. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí àwọn adájọ́, ará ìlú àti oníṣẹ́ ọwọ́ sinmi lọ́jọ́ náà, ó sì yọ̀ǹda fún àgbẹ̀ kó máa ro oko rẹ̀, torí ojú ọjọ́ kì í dúró deni. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọjọ́ iṣẹ́ bí ọjọ́ iṣẹ́ yòókù ni Sọ́ńdè jẹ́ fún àwọn onígbàgbọ́. Ẹrú tó wà láàárín wọn á jọ́sìn, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìrántí àjíǹde ni Sọ́ńdè, kì í ṣe sábáàtì tó pààrọ̀ aṣọ. Nítorí náà ẹ kò rú òfin ọjọ́ ìsinmi torí pé ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, àbúrò yín náà kò sì tíì pa á mọ́ torí pé ó lọ ní Sátidé. Ẹ tún òfin náà kà ní Ẹ́kísódù 20: kò mẹ́nu kan lílọ sí ilé ìsìn rárá. Iṣẹ́ ló dárúkọ.

Ní ti àmì ẹranko náà, Ìfihàn orí 13 kò dárúkọ ọjọ́ kankan. Àwọn tí ayé mọ̀ jù pé wọ́n so àmì náà mọ́ Sọ́ńdè ni ìjọ Seventh-day Adventist, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1863, tí iṣẹ́ wọn sì dé Nàìjíríà ní 1914. Ẹ̀kọ́ tiwọn gan-an ni pé kò tíì sí ẹni tó gba àmì náà lónìí. Yálà ọ̀dọ̀ wọn ni àbúrò yín wà tàbí ibòmíràn, ìbínú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan tuntun ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fọwọ́ wọ́nú.

Pásítọ̀ yín kò purọ́, ó kàn gé ọ̀rọ̀ kúrú ni. Nígbà tí àwọn àpọ́sítélì jókòó ní Jerúsálẹ́mù nínú Ìṣe orí 15 láti pinnu ohun tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe Júù, ohun mẹ́rin ni wọ́n kọ: oúnjẹ òrìṣà, ẹ̀jẹ̀, ohun tí a lọ́ lọ́rùn pa, àti àgbèrè. Sábáàtì kò sí níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Róòmù ní orí 14 pé ẹnì kan ka ọjọ́ kan sí ju òmíràn lọ, ẹlòmíràn ka gbogbo ọjọ́ sí bákan náà, kí olúkúlùkù dá ara rẹ̀ lójú. Ó sì sọ fún àwọn ará Kólósè pé òjìji ni ọjọ́ ìsinmi, ti Kristi ni ara. Ìyẹn ni pásítọ̀ yín rí. Ṣùgbọ́n òjìji a máa sọ bí ara tó ni ín ṣe rí. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí sábáàtì ń ṣe, bó bá ní Jésù ni ìsinmi òun, orúkọ lásán ló ń pè.

Kí wá ni sábáàtì ń ṣe? Lédè Hébérù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a dáwọ́ dúró. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí oorun, kò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àárẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 2, kì í ṣe pé ó rẹ Ọlọ́run. Iṣẹ́ ló parí. Ẹ wo nǹkan méjì níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà la dá ènìyàn, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ ìsinmi ni odindi ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí láyé: ó bá ìsinmi nílẹ̀ kó tó gbé ọkọ́. Èkejì, ọjọ́ mẹ́fà ìṣáájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àṣálẹ́ àti òwúrọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà kò dárúkọ àṣálẹ́ fún ọjọ́ keje. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja ni mánà inú Ẹ́kísódù 16, oúnjẹ tí Ọlọ́run fi bọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù, máa yé jù. Òṣùwọ̀n ómérì kan lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni. Ẹni tó bá fi díẹ̀ pamọ́ di ọjọ́ kejì, á yọ ìdin, á sì rùn. Ní ọjọ́ kẹfà, ómérì méjì ni wọ́n kó, èyí tó ṣẹ́kù di ọjọ́ keje kò sì bàjẹ́. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì jáde lọ wá a ní ọjọ́ keje, ọwọ́ òfo ni wọ́n mú bọ̀. Òfin mẹ́wàá kò tíì dé nígbà yẹn, orí 20 ló wà. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró ń sọ pé kì í ṣe ọwọ́ òun ló ń bọ́ òun, ìdí sì nìyẹn tí ìsinmi fi nira. Àwa a máa ní àyè ni kò sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀: bí n kò bá sí lórí àtẹ mi lónìí, oníbàárà á yà sọ́dọ̀ ẹni kejì, á sì di tirẹ̀ pátápátá.

Ibì kejì ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òfin mẹ́wàá wà nínú Bíbélì, ìdí tí a fún ọjọ́ ìsinmi kò sì bára mu. Ẹ́kísódù 20 ní torí pé Ọlọ́run dá ayé ní ọjọ́ mẹ́fà. Diutarónómì 5 kò sọ ti ìdá ayé rárá. Ó ní kí wọ́n rántí pé ẹrú ni wọ́n ní Íjíbítì. Àwọn tó gbọ́dọ̀ sinmi ni ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, ẹrúkùnrin, ẹrúbìnrin, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àti àlejò tó wà nínú ibodè, "kí ẹrúkùnrin rẹ àti ẹrúbìnrin rẹ lè sinmi bí ìwọ." Ẹ́kísódù 23:12 tún sọ pé kí ọmọ ẹrúbìnrin àti àlejò lè mí kanlẹ̀, èémí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n lò níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ẹrú rí kò gbọ́dọ̀ sọ ara rẹ̀ di Fáráò ẹlòmíràn. Nítorí náà ìbéèrè tí òfin yìí ń bi ìdílé kì í ṣe "ọjọ́ wo lẹ sinmi?" nìkan. Ó ń béèrè pé: ta ni kò sinmi nínú ilé yín kí ẹ̀yin lè sinmi? Màmá, ẹ ti dáhùn nínú lẹ́tà yín láìmọ̀. Ọmọ tó ń ṣọ́ ẹja lórí iná láti aago méje títí di aago mẹ́ta ni. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà níbì kan, ibẹ̀ yẹn ni màá kọ́kọ́ wò, ṣáájú Sátidé àti Sọ́ńdè.

Jésù bá ọjọ́ náà níbi tí wọ́n ti fi ọgbà yí i ká. Àwọn rábì ka irú iṣẹ́ mọ́kàndínlógójì tí kò gbọ́dọ̀ wáyé, wọ́n sì wọn ìrìn àjò tí ènìyàn lè rìn jáde ní ìlú: ẹgbẹ̀rún méjì ìgbọ̀nwọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ pé kìlómítà kan. Ẹ má rò pé ìkà ni wọ́n. Wọ́n gbà pé bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, kí a rú ọjọ́ náà láti gbà á là. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìtàn Lúùkù 13 dùn ún gbọ́. Obìnrin tó tẹ̀ ní ogóró ẹ̀yìn fún ọdún méjìdínlógún kò ní kú lọ́jọ́ yẹn. Ó lè dúró di ọ̀la, olórí sínágọ́gù sì sọ bẹ́ẹ̀. Jésù ní bí ẹ bá ń tú màlúù yín lọ mu omi lọ́jọ́ ìsinmi, ṣé kò yẹ kí a tú ọmọ Ábúráhámù yìí sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi? Òun gbà pé kò sí ọjọ́ tó tọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọjọ́ ìtúsílẹ̀ ni láti Íjíbítì wá. Òun kan náà ló ní a dá ọjọ́ ìsinmi nítorí ènìyàn. Nínú Mátíù 11, ó pe àwọn tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn pé òun yóò fún wọn ní ìsinmi. Bí orí 12 ṣe ṣí, àríyànjiyàn ọjọ́ ìsinmi ló tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ keje tí kò ní àṣálẹ́. Hébérù orí 4 ní ìsinmi kan ṣì kù fún àwọn ènìyàn Ọlọ́run, pé Jóṣúà mú wọn dé Kénáánì ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni òpin rẹ̀, pé ẹni tó bá wọ inú ìsinmi Ọlọ́run ti sinmi kúrò nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ìgbàgbọ́ ni a fi ń wọ ibẹ̀. Kristẹni kò dá ọwọ́ dúró kí Ọlọ́run lè gbà á. Ó ń dá ọwọ́ dúró torí pé Ọlọ́run ti gbà á. Bí ọ̀rọ̀ pásítọ̀ yín bá dé ibí yìí, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ara tó ń gbé ìgbàgbọ́ náà kiri, ẹran àti egungun ni. Ẹni tó ní òun sinmi nínú Kristi tí kò lè ti àtẹ fún ọjọ́ kan, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé. Èrò tèmi nìyẹn. Àwọn olùkọ́ tó kúnjú òṣùwọ̀n wà tí wọn kò ní sọ ọ́ le tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku bí a ṣe máa ṣe é, torí ìmọ̀ràn tí kò mọ bí ẹja ṣe ń bàjẹ́ kò wúlò fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ja tiẹ̀ wà nínú Bíbélì: nínú Nehemáyà 13, àwọn ará Tírè ń kó ẹja wá tà ní Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ ìsinmi. Nehemáyà kò fi mọ sórí ìbáwí nìkan. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ní àṣálẹ́ tó ṣáájú ló ti ilẹ̀kùn ibodè. Ohun tó máa ń ba ìsinmi jẹ́ nìyẹn, pé a kì í ti ilẹ̀kùn lásìkò. Bí Sọ́ńdè lẹ bá fẹ́ mú, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ní nǹkan bí aago méje, kó sì parí ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Èyí já sí pé àárọ̀ Fúráìdé lẹ gbọ́dọ̀ ra ẹja tútù tí ẹ máa yan kẹ́yìn. Àrọ̀ ńlá tí ẹ bá gbé lé wáyà ní ọ̀sán Sátidé kò lè gbẹ dé inú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ óò sì wà láàárín méjì, iná tó gbọ́dọ̀ ní olùṣọ́ tàbí ẹja tó máa hu. Kí Sátidé jẹ́ ọjọ́ títà nìkan. Bí apẹja bá gbé ọjà tó dára dé ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ kò lè jẹ́ kó lọ, ẹ má dáná: ẹ yọ ìfun rẹ̀, ẹ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ tò ó sínú kúlà ní ìpele ìpele, yìnyín, ẹja, yìnyín. Kílò mẹ́wàá ẹja, kílò mẹ́wàá yìnyín. Ẹ ṣí ihò ìsàlẹ̀ kí omi máa jáde, torí ẹja tó bá jókòó sínú omi á rọ̀, á sì tètè rùn. Àwọn tó ń fi yìnyín díẹ̀ sórí nìkan ló máa ń pàdánù. Bí ẹja tí kò tíì gbẹ tán bá ṣì kù lórí wáyà, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ yí i padà ní ìdájí, kí ẹ pa iná tó ń jó, kí ẹ tó lọ sílé Ọlọ́run. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, màlúù tí ẹ fà lọ mu omi ni. Ṣùgbọ́n títún àtẹ gbé jáde ní aago mẹ́ta, ọjà ni.

Owó ńkọ́? Ọjọ́ méjìléláàádọ́ta lọ́dún ni, n kò sì ní sọ fún yín pé Ọlọ́run máa fi ìlọ́po méjì san án padà. Ẹni tó bá ń wàásù bẹ́ẹ̀ ti sọ ìsinmi di òwò, ó sì jọ àwọn oníṣòwò tí Ámósì 8 ń bá wí: àwọn tó ń ka wákàtí tí ọjọ́ ìsinmi máa tán kí wọ́n lè padà sí òṣùwọ̀n èké. Àdánù díẹ̀ máa wà, ní oṣù àkọ́kọ́ pàápàá, kí àwọn oníbàárà tó mọ̀ pé ẹ kì í tà ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí ẹ pín in. Bí ilé yín bá ń ná ₦6,000 lójúmọ́, ẹ yọ ₦1,000 sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, bí ẹni ń dá àjọ, oúnjẹ ọjọ́ keje ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ kò bá rí ₦1,000 yẹn yọ láìjẹ́ pé ebi pa àwọn ọmọ, ẹ fi ìdajì ọjọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn já ọkà jẹ lọ́jọ́ ìsinmi torí pé ebi ń pa wọ́n, Jésù sì gbèjà wọn. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ọrọọrún lápá Àgbádárìgì, ẹ ṣírò rẹ̀: ọjọ́ ọjà á máa bọ́ sí Sọ́ńdè lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ mọ ọ̀sẹ̀ náà ṣáájú, kí ẹ mú Mọ́ńdè rẹ̀ dípò. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ Odogunyan ní Ìkòròdú, ọjọ́ tí wọ́n bá fún yín ni tiyín. Ẹ má tún fi í kó iṣẹ́ mìíràn.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì ṣòro díẹ̀. Láti aago méje di mẹ́ta kì í ṣe ìsinmi fún ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ láti Mọ́ńdè. Jésù ní àwọn àlùfáà ń ṣiṣẹ́ nínú tẹ́ńpìlì lọ́jọ́ ìsinmi, wọn kò sì jẹ̀bi. Númérì 28 tiẹ̀ fi ọ̀dọ́ àgùntàn méjì mìíràn kún ẹbọ ojoojúmọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin akọrin, aṣọ́nà àti olùkọ́ ọmọdé wà ní ipò wọn, iṣẹ́ lẹ̀ ń ṣe, ẹ sì nílò ọ̀sán mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ lè bá pásítọ̀ yín sọ ọ́ ní tìrẹ̀lẹ̀ pé kí ìpàdé ẹgbẹ́ méjì kúrò lẹ́yìn ìsìn lọ sí ọjọ́ mìíràn. Bó bá kọ̀, ẹ lọ sí ìsìn, ẹ jókòó tán, kí ẹ sì dágbére nígbà ìpàdé. Ẹ má gbàgbé òde Sátidé náà o, pẹ̀lú aṣọ ẹbí àti ìlù tó ń lọ di òru. Ọ̀pọ̀ ìgbà òun ló rẹni, a sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru Sọ́ńdè.

Bí ẹ bá ti sinmi báyìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún, tí àárẹ̀ náà kò sì lọ, ó ti kọjá ohun tí ẹsẹ Bíbélì lè fi hàn mí láti ibi tí mo wà. Ẹ lọ sí ọsibítù, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n sì mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára yín. Èéfín ẹja lójoojúmọ́ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró.

Ní ti àbúrò yín, n kò lè sọ pé kó padà, n kò sì ní sọ pé kí ẹ tẹ̀ lé e. Róòmù 14 ní ẹni tó ń kíyè sí ọjọ́, Olúwa ló ń ṣe é fún. Bó bá tún wá bá yín jà, ẹ bi í léèrè ohun tí òun fi Sátidé ṣe, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán, torí ó ṣeé ṣe kó ti mọ bí a ṣe ń dáwọ́ dúró jù yín lọ. Ẹ má ní kó wá bá yín gbé kúlà ní Sátidé. Kó má sì jẹ́ ọmọ tó ń bá yín gbé lẹ máa rán dípò rẹ̀ ní Sọ́ńdè. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Mọ́ńdè ṣì wà fún iṣẹ́ náà.